Àwa Tí A Ń Ka Kòkòrò Odò

Àwọ̀n ló fà mí wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọbìnrin kan láti Kútọnù wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Pọ́bẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé irin róbótó kan lọ́wọ́ tó dà bí ẹnu garawa, ó ní kí n bá òun rán àwọ̀n sí i. Mo bi í pé irú àwọ̀n wo. Ó ní èyí tí omi lè gbà kọjá ṣùgbọ́n tí kòkòrò ò ní lè gbà kọjá. Aránṣọ ni mí, aṣọ ìgbéyàwó ni mo sì ń rán jù. Mo fa àjẹkù aṣọ ìbòjú ìyàwó kan yọ lábẹ́ tábìlì, mo rán an yí irin náà ká, mo wá fi léèsì tẹ́ẹ́rẹ́ gbá etí rẹ̀, torí ọwọ́ mi kì í lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ níhòòhò. Nígbà tó rí i, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kòkòrò tó bá kó sínú èyí á rò pé wọ́n ń mú òun lọ sílé ọkọ ni.

Ibẹ̀ ló ti jókòó tó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ló rán an wá. Wọ́n ń wá àwọn ará ìlú tí yóò máa wo ìlera odò lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, láti ọdún dé ọdún, láìgba kọ́bọ̀. Ó ní nílẹ̀ ibòmíràn, àwọn èèyàn bíi tiwa ló ń wọ inú òkun lọ láti wo iyùn tó ń hù nísàlẹ̀ omi, bóyá ó ń yè ni o, bóyá ó ń kú ni o. Wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n á sì tún padà lọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òkun ò sí ní Pọ́bẹ̀. Odò kékeré lẹ́yìn abúlé Ìṣaba ló kàn wá, àti kòkòrò tó ń gbé inú rẹ̀. Ó ní kòkòrò ni ẹlẹ́rìí, pé àwọn kan wà tí wọn kì í gbé inú omi ìdọ̀tí, àwọn kan sì wà tí ìdọ̀tí ni oúnjẹ wọn. Ẹni tó bá mọ ẹni tó wà nílé á mọ bí ilé ṣe rí.

Mo ní mo gbà. Títí di òní, n kò mọ ohun tó jẹ́ kí n gbà. Bóyá torí pé ó yin iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Ṣakẹ́tẹ́ ni wọ́n ti kọ́ wa. Àwa méjìlá la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ pé kò sí owó ọkọ̀, a ku méje. Nígbà tí wọ́n sọ pé inú omi gan-an la ó wọ̀, a ku mẹ́ta.

Ẹnì kejì lára àwa mẹ́ta jẹ́ Àlájì kan tó ń ta abọ́ àti àwo lọ́jà Ṣakẹ́tẹ́. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, ó sì sanra. Dókítà ló ní kó máa rìn, òun náà ò sì rí ibi tó máa rìn lọ tí àwọn èèyàn ò ní máa bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ iyùn inú òkun, ó nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

“Iyùn wo? Ṣé èyí tí àwọn ọba ń fi sọ́rùn?”

Ọmọbìnrin náà ní irú rẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n kíkà ni wọ́n ń kà á, wọn kì í mú un.

“Wọ́n ń kà á, wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ síbẹ̀?” Àlájì mi orí. “Ẹ̀sìn irú àwọn èèyàn yẹn le o.”

Ẹnì kẹta jẹ́ ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ní Pọ́bẹ̀, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ìyá Ìjọ ni àwa méjèèjì ń pè é. Etí odò ni wọ́n ti máa ń gbàdúrà nígbà mìíràn, ó sì ní ìtìjú ló jẹ́ fún òun bí omi tí òun fi ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bá ń rùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láti ilé ìsìn ló ti wá tààrà, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Èmi àti Àlájì wo ara wa, ó ṣe wá bí ẹni pé ká ṣàánú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹrẹ̀ fi gba bàtà Àlájì lẹ́sẹ̀ òsì, tó gba tèmi méjèèjì. Ìyá Ìjọ nìkan ló jáde pẹ̀lú gbogbo ohun tó gbé wọlé.

Iṣẹ́ náà ò le láti ṣàlàyé. A ó so okùn mọ́ àwo funfun kan, a ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi díẹ̀díẹ̀. Ibi tí a ò bá ti rí i mọ́, a ó dì í mú, èmi ó sì fi mẹ́tà tí mo fi ń wọn aṣọ wọn ibi tí okùn náà dé. Bí omi bá ṣe mọ́ tó ni àwo á ṣe jìn tó. Lẹ́yìn náà ni a ó fẹsẹ̀ ru ìsàlẹ̀ odò sókè, tí àwọ̀n ìbòjú ìyàwó mi á gba ohun tó bá ń bọ̀, tí a ó dà á sínú abọ́, tí a ó sì kà á. Àlájì ló mú àwo wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òdòdó pupa ńlá kan sì wà láàárín rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní funfun lásán ló yẹ kó jẹ́. Àlájì ní funfun lásán kì í tà, òun ò sì ní i. Nítorí náà, odò tiwa nìkan ni wọ́n ń kọ ibi tí òdòdó ti pòórá àti ibi tí àwo ti pòórá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tí a rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò dára. Omi náà pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Òdòdó ò tíì wọmi tán tó fi pòórá. Nínú abọ́, aràn pupa ló pọ̀ jù, tanwíji tẹ̀ lé e, àti pàǹtírí igi wẹ́wẹ́ tí a ń dà nù. Eṣúṣú náà wà, ṣùgbọ́n inú abọ́ kọ́ la ti rí i. Ojúgun Àlájì la ti rí i. Bàbá yìí tó ní dókítà ní kóun rọra máa rìn fò jáde nínú odò náà bí ọmọ ogún ọdún, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run ní Lárúbáwá, Ìyá Ìjọ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run kan náà ní Ègùn, ó fẹ́ fi iyọ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Èmi mú ìwé, mo kọ ọ́ pé: eṣúṣú, ẹyọ kan.

Kíkà gan-an ló wá dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Nígbà tí a ti fi ìwé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọmọbìnrin náà pè mí láti Kútọnù, ó ní kí ló dé tí gbogbo iye tí Àlájì kà fi ń jẹ́ mọ́kànlá, tàbí mọ́kànlélógún, tàbí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo bi Àlájì.

“Mẹ́wàá ni,” ó ní. “Ọ̀kan yẹn, èènì ni.”

“Àlájì, ẹ ò lè fi èènì sí kòkòrò.”

“Ogójì ọdún ni mo ti ń tajà. Ọwọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn ní mẹ́wàá gbáko.”

Ìyá Ìjọ ní kó máa yọ èènì tirẹ̀ fún òun, òun á máa dá a padà sínú odò. Báyìí la ṣe yanjú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wàhálà tó tóbi jù bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ìṣaba ló ń gbé, oko rẹ̀ sì lọ kan etí odò náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti Àlájì ń wọn bí odò ṣe fẹ̀ tó, èmi di orí mẹ́tà mú níhìn-ín, ó di ìdí okùn tí a so mọ́ ọn mú lọ́hùn-ún, Ìyá Ìjọ dúró láàárín omi nínú sùtánà rẹ̀, ó ń sọ iye rẹ̀ sókè kíkankíkan. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, ìyá ọkọ mi ló dúró lórí bèbè pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Ìyá.”

“Káàárọ̀, ìyàwó. Kí lẹ ń wọ̀n?”

“Odò ni, Ìyá.”

“Odò.” Ó wo odò, ó wo mẹ́tà. “Ṣé odò fẹ́ rán aṣọ ni?”

Mo ní rárá, pé ìlera omi là ń wò.

“Ta ló sọ pé omi ń ṣàìsàn?”

“Kò sẹ́ni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wò ó.”

“Ta ló ń sanwó fún yín?”

“Kò sẹ́ni tó ń sanwó.”

Ìyá tún wo mẹ́tà náà láti orí dé ìdí. Ẹni tó bá mọ ìyá ọkọ mi á mọ̀ pé kò yẹ kí wíwò yẹn jẹ́ kí n sùn. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ní kí a máa kú iṣẹ́, ó lọ. Kí ọjà tó tún ná, gbogbo Ìṣaba ti gbọ́, ó sì ti dé abúlé Tówé pé ìjọba fẹ́ gba etí odò. Ẹ̀rí wà: wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Aránṣọ Pọ́bẹ̀ ló mú mẹ́tà dání, ìyàwó ilé wa ni, kò sì jẹ́ sọ òtítọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Àlájì olówó kan láti Ṣakẹ́tẹ́ ló fẹ́ rà á. Aláṣọ funfun yẹn ló wá yà á sí mímọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tí kò lówó, tí wọ́n sì ń kọ sínú ìwé, ilẹ̀ ló ń gbà.

Èmi ò gbọ́ kankan nínú rẹ̀. Ọkọ mi gbọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun rò pé mo mọ̀.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, a padà lọ, a ò mọ ibi tí a wà mọ́. Tẹ́lẹ̀, àgbàdo ni wọ́n ń gbìn títí kan ẹnu omi, wọ́n á sun koríko, òjò á sì gbé erùpẹ̀ gbogbo dà sínú odò. Ní báyìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà ní bèbè méjèèjì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, oparun, igi ọ̀pẹ kéékèèké, ọsàn. Ẹnì kan ti kọ́ ahéré síbẹ̀, ó fi ilẹ̀kùn sí i, ó ti ilẹ̀kùn náà, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹnì kan so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn ń gbé ibẹ̀. Wọ́n gbé pátákó kan dúró, wọ́n fi Faransé kọ ọ́ pé ilẹ̀ yìí ní ẹni tó ni ín, àṣìṣe mẹ́rin ló sì wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Ìyá ọkọ mi jókòó lórí àpótí láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tirẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀.

“Ìyá, ta ló gbin gbogbo èyí?”

“Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́.”

“Ìyá, nígbà tí a wá kẹ́yìn, àgbàdo ló wà níbí.”

“Ojú rẹ ló ń dùn ọ́ nígbà yẹn. Ìránṣọ ti ba ojú rẹ jẹ́.”

Àlájì ń wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tìyanutìyanu. Ó bi Ìyá pé báwo ló ṣe tètè ta tó báyìí. Ìyá dá a lóhùn pé òun ò bá ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ òun sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló tú àṣírí gbogbo rẹ̀ síta.

Baálẹ̀ àdúgbò ránṣẹ́ pè wá sí ìpàdé lábẹ́ igi máńgòrò. A múra sílẹ̀ láti sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n a ò mọ bí wọ́n ṣe ń múra òtítọ́. Àlájì wọ agbádá rẹ̀ tó tóbi jù, ó sì rí bí ẹni tó fẹ́ ra abúlé náà lóòótọ́. Ìyá Ìjọ ru búrẹ́dì wá, ó ń pín in káàkiri kí ara lè tu àwọn èèyàn. Bàbá àgbàlagbà kan gba tirẹ̀, ó bù ú jẹ, ó ní, “Àwọn olóṣèlú náà ń pín búrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n pín in kẹ́yìn, a ò rí wọn mọ́.”

Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ro mí. Mo ní kòkòrò nìkan là ń kà. Wọ́n ní kí la fẹ́ fi kòkòrò ṣe. Mo ní a ò fẹ́ fi í ṣe nǹkan kan, a ó dà á padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ewúrẹ́ sá. Ní ìgbẹ̀yìn, Àlájì ní kí a gbé abọ́ wá. A sáré lọ sódò, a ru ìsàlẹ̀ rẹ̀, a bu omi náà sínú abọ́, a gbé e wá síwájú wọn. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ dìde wá wò ó.

“Kí lẹ pe èyí nínú ìwé yín?”

Mo ṣí ìwé. “Kòkòrò ẹlẹ́nu ńlá tí a ò mọ̀.”

“Ẹ ò mọ̀ ọ́n?” Ó yí sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. “Wọ́n ní àwọn ò mọ ọmọ lámilámi! Kó tó hu ìyẹ́ nìyẹn. Èyí ńkọ́?”

“Pàǹtírí igi ni, Ìyá. A máa ń dà á nù.”

Ìyá ki ìka bọ inú abọ́, ó mú pàǹtírí náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní kí n dúró. Mo dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, pàǹtírí náà yọ ẹsẹ̀ mẹ́fà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ sí ọrùn ọwọ́ mi. Mo figbe ta.

“Agbégi là ń pè é nígbà tí a wà lọ́mọdé,” ló wí. “Òun ló ń kó igi jọ tó ń fi dá ẹ̀wù sọ́rùn ara rẹ̀. Aránṣọ bíi tìrẹ ni. Ó wá jẹ́ pé ìwọ lò ń dà á nù.”

N kò tíì rí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Igi wẹ́wẹ́ náà jókòó sára ara wọn bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gán wọn, kò sì sí ojú ìrán kan tó hàn. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọbìnrin Kútọnù lórí fóònù, ó kígbe. Ó ní ọ̀kan lára àwọn tí kì í fẹ́ ìdọ̀tí nìyẹn, òun ló yẹ kí a máa wá kiri. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wa tó dára jù ti ń wá jẹ́rìí, tí à ń lé e síta kóòtù.

Ní ti ìpàdé náà, Baálẹ̀ parí rẹ̀ báyìí: “Ẹ máa ka kòkòrò yín. Àwa ò ní hú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa.”

Wọn ò sì hú u. Àgbẹ̀ tó ti ṣí etí odò sílẹ̀ láti ìgbà bàbá rẹ̀ ń ṣọ́ ọ bí ojú, wọ́n sì ń gbin òmíràn sí i ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbúròó pé a ń bọ̀. Gbòǹgbò di ilẹ̀ mú. Òjò ọdún yẹn rọ̀, èyí tó tẹ̀ lé e náà rọ̀, erùpẹ̀ ò sì rí ọ̀nà dé inú omi tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni òdòdó Àlájì ń jìn sísàlẹ̀ kó tó pòórá. Aràn pupa ń dín kù. Edé wọlé dé láti ibi tí a ò mọ̀. Agbégi ń pọ̀ sí i.

Ìgbà yẹn ni ìwé dé láti Kútọnù: wọ́n ti rí i pé odò wa ń sàn, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí a ṣe. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo kọ ìwé aládùn kan ní Faransé pé a ti la àwọn ará abúlé lọ́yẹ̀, pé wọ́n gbọ́, wọ́n sì yí padà. Mo kà á fún àwọn méjì yòókù.

“Ó dùn,” ni Àlájì wí. “Irọ́ ni.”

“Kọ pé Ọlọ́run ni,” ni Ìyá Ìjọ wí.

“Ọlọ́run ni lóòótọ́,” ni Àlájì dáhùn, “ṣùgbọ́n kó kọ ọ̀nà tó gbà.”

Mo ya ìwé náà. Mo kọ òmíràn tí kò ju ojú ìwé kan lọ: wọ́n rò pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ wọn, wọ́n sì gbin igi láti fi hàn pé àwọn ló ni ín. Ọmọbìnrin náà wá fúnra rẹ̀. Ó dúró láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ka pátákó aláṣìṣe yẹn, ẹ̀rín sì gbé e débi tó fi jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló mú àlejò méjì wá láti wo odò náà. Wọn ò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo ń túmọ̀. Ìyá ọkọ mi ti wọ aṣọ tuntun, ó dúró níwájú ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ bí olùkọ́ àgbà.

“Sọ fún wọn pé mo wo odò yìí, mo rí i pé ara rẹ̀ ò yá.”

Mo wo ojú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú. Mo túmọ̀ rẹ̀.

“Sọ fún wọn pé mo wá pe àwọn ará abúlé jọ, mo ní ẹ jẹ́ ká gbin nǹkan.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin Kútọnù ń wo ilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

“Sọ fún wọn pé ìyàwó ọmọ mi náà gbìyànjú díẹ̀.”

Èmi náà ni mo túmọ̀ ìyẹn, lẹ́nu ara mi, ní Faransé tó dán mọ́rán. Àwọn àlejò bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní mo ṣorí ire láti ní irú ìyá bẹ́ẹ̀.

Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, orúnkún Àlájì wú, kò lè wá, ọwọ́ wa sì dín kan. Ìyá ọkọ mi ní òun á gba ipò rẹ̀. Ó ká ìró rẹ̀ sí orúnkún, ó wọ inú omi, ó ń pe kòkòrò lórúkọ kí n tó rí wọn, èmi sì ń kọ. Ó yá, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Mo rò pé eṣúṣú ni. Ó kàn dúró ni, ó tẹ orí ba, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n gbé òun níyàwó wá sí Ìṣaba, bí òun bá wá pọnmi, òun a máa rí ìka ẹsẹ̀ òun nínú odò yìí. Ó ní òun ti gbàgbé.

“Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo rí wọn,” ló wí. “Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.”

Kò sí àyè fún un nínú ìwé tí wọ́n fún wa. Mo kọ ọ́ sí etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Ìyá jáde nínú omi, ó fa ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e lọ fún Àlájì ní Ṣakẹ́tẹ́, kí n sì sọ fún un pé ilẹ̀ náà kò sí fún títà o.